Ẹ Kọ́kọ́ Tẹ Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbé Ife: Bí Ẹlẹ́mu Ìjẹ̀bú Ṣe Rìn ní Bourgogne

Láti ìgbà tí mo ti ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Dijon dé, ìlú kan ní Bourgogne, ẹkùn oníwáìnì nílẹ̀ Faransé, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí oníbàárà kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìsọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kó bi mí pé, “Ìyá ẹlẹ́mu, wáìnì òyìnbó yẹn ńkọ́? Ṣé ó tó ògùrọ̀?” Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti ní físà lọ́wọ́, ọ̀nà ni wọ́n ń bèèrè. Ẹnu ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé bí kò bá yé yín, ẹ ó kàn mu wáìnì bọ̀ ni, ẹ ò ní rí Bourgogne. Àjàrà dúdú kan tó ń jẹ́ Pinot Noir ni wọ́n fi ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wáìnì pupa wọn, Chardonnay ni wọ́n sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú funfun. Bí àjàrà bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló wá dé tí ìgò kan fi jẹ́ owó oúnjẹ ọ̀sán, tí èkejì jẹ́ owó ọkọ̀? Ilẹ̀ ni. Pápá kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀. Climat ni wọ́n ń pè é, 1,247 ni wọ́n ka, UNESCO sì kọ wọ́n mọ́ ohun ìní aráyé lọ́dún 2015. Èyí ò ṣòro fún mi rárá. Bí adẹ́mu bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé láti ìhà Ìbíadé, irà tó ti dá a ni mo ń kọ́kọ́ bi í. N kì í bi í bóyá ó dùn. Ta ni yóò sọ pé tòun ò dùn?

September ni ìkórè sábà máa ń bọ́ sí. Lẹ́yìn ìkórè ni ewé àjàrà máa ń pọ́n káàkiri, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà á máa dán. Côte d’Or, ẹ̀gbẹ́ òkè wúrà, ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Láti Paris, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ Gare de Lyon. Réluwéè tó ń sáré gbé mi dé Dijon kí wákàtí méjì tó pé. Dijon sí Beaune kò ju bí Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù lọ, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni lórí réluwéè kékeré. Beaune ni kí ẹ sùn, torí ẹsẹ̀ lẹ lè fi rìn ín já.

Kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kí i. “Bonjour, madame. Bonjour, monsieur.” Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń sọ pé ará Faransé ń gbéra ga, mo bi wọ́n bóyá wọ́n kí, wọ́n ní àwọn kàn bèèrè iye ọjà ni. Ẹni tó bá wọ ìsọ̀ tèmi náà tí kò kí mi, omi ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ni yóò mu.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má wọ ilé wáìnì kankan. Ẹ lọ wo ilẹ̀. Títì kan wà tí wọ́n ń pè ní D974, ó la ẹsẹ̀ òkè náà já láti Dijon wá sí Beaune. Bí ẹ bá dúró lórí rẹ̀ tí ẹ kọjú sí òkè, ẹ ó rí i pé ọgbà àjàrà gun ẹ̀gbẹ́ òkè lọ títí, igbó sì dé e lórí bíi fìlà. Àárín ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn ni ọlọ́lá. Níbẹ̀ ni omi ti ń sàn lọ, tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ bà, tí òkúta ẹfun sì pọ̀ nínú erùpẹ̀. Ìsàlẹ̀ létí títì, omi máa ń dúró níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wúwo. Wáìnì tí ẹ ó máa mu lójoojúmọ́ ló ń tibẹ̀ wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu erùpẹ̀ náà: ó pọ́n díẹ̀, òkúta funfun kéékèèké kún inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da èkùrọ́ fífọ́ sínú amọ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, bàtà mi sì wúwo tó ìlọ́po méjì kí n tó rìn dé ìpẹ̀kun ebè.

Ẹ dé Vosne-Romanée, abúlé kékeré ni. Lẹ́yìn ilé, ẹ ó rí àgbélébùú òkúta kan létí ògiri kúkúrú. Ilẹ̀ Romanée-Conti nìyẹn, kò ju hẹ́kítà 1.8 lọ. Mo fi ojú Ìjẹ̀bú ṣírò rẹ̀: bíi púlọ́ọ̀tì 27 ni, bí a bá ń lo ọgọ́ta ẹsẹ̀ lọ́nà ọgọ́fà. Lórí púlọ́ọ̀tì 27 yìí ni wáìnì tó wà lára àwọn tó wọ́n jù láyé ti ń jáde! Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí àlejò má wọ inú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má wọ ọ́, ẹ má sì já èso ẹlòmíràn. Ní abúlé kejì, obìnrin kan tó ń kórè ló fún mi ní èso márùn-ún. Wọ́n kéré, èèpo wọn nípọn, kóró kún inú wọn, wọ́n sì dùn ju àjàrà tí a ń rà nínú ọ̀rá lọ.

Láti ibẹ̀, Clos de Vougeot ò jìnnà. Àwọn mọ́ǹkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé ní ilé ìjọsìn Cîteaux, ló mọ ògiri yí i ká, ọgbà kan ṣoṣo tó bíi hẹ́kítà 50. Nígbà ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé ni ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn. Lónìí, ó lé ní ọgọ́rin èèyàn tó ni ín, ẹlòmíràn ò ní ju ebè mélòó kan lọ. Ọmọ mi ṣàlàyé pé òfin ogún tí Napoleon fi lélẹ̀ lọ́dún 1804 kò jẹ́ kí àrẹ̀mọ nìkan kó ogún, gbogbo ọmọ ló ń pín in dọ́gba. Mo ní, “Orí-ò-jorí nìyẹn! Wọn ò mọ ìdí-igi ni?” Ẹ wọ ilé ńlá tó wà láàárín ọgbà náà, kí ẹ wo ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fún àjàrà láyé àtijọ́. Igi rẹ̀ nípọn ju òpó ààfin lọ.

Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Ẹ ti pe ilé náà lórí fóònù ṣáájú, torí ìdílé ló ni púpọ̀ nínú wọn, oko ni wọ́n wà. Ẹ mú súẹ́tà dání. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá sí tutù. Àgbá wọn ń gba lítà 228. Ọkùnrin tó gbà wá fi ọ̀pá gíláàsì fa wáìnì jáde nínú àgbá, ó ro ó sínú ife wa, ìwọ̀n ìka kan péré. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ yí i nínú ife, ẹ tún gbóòórùn rẹ̀, ẹ wá mu díẹ̀ kí ẹ fi ṣan ẹnu, kí ẹ sì tu ú sínú garawa. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ tu ú. Èmi kọ̀ jálẹ̀. Mo ní láti ọjọ́ tí ìyá mi ti gbé ẹmu lé mi lọ́wọ́, n kò tutọ́ ẹmu rí. Nígbà tó di ife karùn-ún, àtẹ̀gùn tí mo bá sọ̀kalẹ̀ ti di méjì lójú mi. Lọ́jọ́ kejì, mo tu ú. Níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ ọ́n: wáìnì Volnay rọ̀ lẹ́nu, ti Pommard sì le, ó ń di ahọ́n mú. Bẹ́ẹ̀, abúlé méjèèjì fara kan ara wọn.

Bí ẹ ó bá ra ìgò, ẹ ka ara rẹ̀ báyìí. Orúkọ pápá nìkan pẹ̀lú “Grand Cru”, ipò tó ga jù nìyẹn, owó rẹ̀ ga, ẹ rọra gbé e padà. Orúkọ abúlé pẹ̀lú “Premier Cru”, ipò kejì ni, ó dára, ẹ bèèrè iye. Orúkọ abúlé nìkan, èyí ló bá àpò wa mu. “Bourgogne” lásán, ẹ rà á sílé fún ọjọ́ gbogbo. Ẹ sì ṣọ́ra fún orúkọ méjì tí wọ́n fi ìlà so pọ̀: Gevrey so Chambertin mọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́dún 1847 torí pápá Chambertin ló lókìkí, ṣùgbọ́n wáìnì Gevrey-Chambertin kì í ṣe Chambertin.

Ní Beaune, ẹ má fo Hôtel-Dieu. Nicolas Rolin, tó jẹ́ olórí ìjòyè Dúùkù tó ń ṣàkóso Bourgogne, àti aya rẹ̀ Guigone de Salins ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1443, ilé ìwòsàn fún àwọn aláìní. Òrùlé rẹ̀ dà bí aṣọ òkè tí wọ́n hun ní oríṣi àwọ̀ mẹ́rin, ibùsùn sì tò nínú gbọ̀ngàn gígùn kan pẹ̀lú kọ́tìnì pupa. Àwọn èèyàn ń fi ọgbà àjàrà ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ, láti 1859 ni wọ́n sì ti ń ta wáìnì ọgbà wọ̀nyẹn ní gbàǹjo. Sunday kẹta oṣù November ni. Bàsá ìkórè ni mo pè é, àfi pé àgbá ni wọ́n ń gbé síta dípò ewùrà àti àkùkọ. Wọ́n tún mú mi gun odi ìlú wọn, mo gbà pé ó dára. Mo ní kí wọ́n wá wo Erédò Sùngbọ́.

Oúnjẹ wọn ní wákàtí. Aago méjìlá ni ilé oúnjẹ ń ṣí. Mo dé ibì kan ní aago méjì ààbọ̀, ìdáná ti kú, obìnrin ibẹ̀ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí bonjour. Gàrí Ìjẹ̀bú tí mo dì sínú báàgì ni mo bu omi tútù sí ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ dì í lọ, ṣùgbọ́n ẹ má di ẹran tàbí wàrà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Ẹ jẹ bœuf bourguignon, ẹran màlúù tí wọ́n sè sínú wáìnì pupa títí ó fi rọ̀. Ọbẹ̀ yẹn mọ̀ wá. Gougères dà bí àkàrà tí wàràkàṣì wà nínú rẹ̀, gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́. Ìgbín wọn kò tó àtàǹpàkò, bọ́tà àti aáyù ni wọ́n fi ń sè é, mo sì rẹ́rìn-ín tí mo rí i. Wàràkàṣì Époisses ń rùn, ó ń rùn ju irú lọ, ó sì dùn. Ẹ̀yin tí ẹ kì í mutí, ẹ lọ sí ọjà Beaune láàárọ̀ Saturday, kí ẹ ra mústáàdì Dijon.

Ìgò mẹ́ta ni mo fi ìró ká, mo kó wọn sínú àpótí tó lọ sábẹ́ bàlúù. Mo ṣí Pommard lórí ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ tí mo dé, ata sì pa á pátápátá, bí omi ló rí. Wáìnì funfun ti abúlé Meursault ni mo wá fi jẹ òjòjò tí n kò jẹ́ kí ata rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn lọ. Òjòjò gbígbóná ni o, kí wáìnì náà sì tutù.