Ẹ má fojú tíví wo igi tó ń ṣàìsàn

Oko obì àti kòkó díẹ̀ ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lẹ́yìn Òṣogbo níbí, lọ́nà Ìkìrun, igbó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Obì kan ti gbẹ níbẹ̀ báyìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ má rò pé iná àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gégi nìkan ló ń pa igbó. Tíví ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ igbó, iná lẹ máa rí, èéfín, igi ńlá tó wó gbì, torí ìyẹn ló dùn-ún wò. Ta ló fẹ́ jókòó wo ewé tó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà? Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí àwọn ọdún 1960, igi elm tó lé ní mílíọ̀nù 25 ló kú, iná ò jó wọn o, nǹkan kan tó dà bí èyí tó ń mú búrẹ́dì bu ló pa wọ́n, kòkòrò inú èèpo ló ń gbé e láti igi dé igi, inú ìtì igi tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà Àríwá ló sì bá wọ̀lú. Ìwé tókunbọ̀ kan tí mo rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba ni mo ti kà á. Tíví ti fi irú ẹ̀ hàn rí, àmọ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n máa sọ ohun téèyàn máa ṣe, wọ́n ti mú iná lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé náà lè ṣì yín lọ́nà. Bí mo ṣe ka ti elm yẹn tán, mo bọ́ síta, mo ń ṣí èèpo ìrókò wò, mò ń wá kòkòrò òyìnbó! Ìrókò ní tiẹ̀. Kòkòrò kékeré kan ló máa ń yé ẹyin sára ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ewé á wú kókó-kókó bí ẹni tí rorẹ́ bò lójú, kókó yẹn á bẹ́, á jẹrà, orí igi á gbẹ. Ọmọ ìrókò ló ń jìyà ẹ̀ jù. Torí náà, ẹ má gbin ìrókò nìkan pọ̀ sójú kan nínú oòrùn gbangba, ẹ fi sáàárín igi míì.

Ó wá kan tèmi. Afòmọ́ bo obì méjì, mo rí ìpolówó lórí tíví, ọkùnrin kan fín oògùn, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dán lójú ẹsẹ̀. Mo ra oògùn. Bàbá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi níbẹ̀, tanki wà lẹ́yìn mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń fín sí afòmọ́?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Wọ́n ní ó ń pa gbogbo ẹ̀ ni."

"Àwọn ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé tíví ni. Ohun tí bàbá fi hàn mí lọ́jọ́ náà rèé: ẹyẹ ló ń jẹ èso afòmọ́, hóró inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí àtè, á wá fẹnu nu ara ẹ̀ka, ibẹ̀ ni hóró á ti hù, á gún ẹ̀ka wọnú, á máa mu omi igi. Téèyàn bá kàn já a, á tún yọ. Ẹ̀ka gan-an lẹ máa gé, lápá ìdí igi sí ibi tó lẹ̀ mọ́, kí èso ẹ̀ tó pọ́n. Mo gé ọ̀kan, mo fi ìkejì sílẹ̀ torí àwọn ìyá elewé ọmọ máa ń wá bèèrè afòmọ́ obì lọ́wọ́ mi, owó sì dùn. Òun ló gbẹ yẹn.

Àwọn elewé ọmọ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bó èèpo igi yípo. Ẹgbẹ́ kan tó o. Ojú egbò yẹn ni àrùn ń bá wọlé, igi tí wọ́n bá sì bó yípo, kíkú ló máa kú.

Èso kòkó tó bá ti dúdú, ẹ má dà á jọ sínú oko. Ẹ má kó igi ìdáná láti igbó tó ń ṣàìsàn lọ síbòmíì, Amẹ́ríkà ò tíì bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò igi ash tí wọ́n rí ní Michigan ní 2002, igi ìdáná wà lára ohun tó ń gbé e kiri.

Àwọn kan á sì ní ṣebí Igbó Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, hẹ́kítà bíi 75, UNESCO, àjọ àgbáyé kan, ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti 2005, èèwọ̀ ni kéèyàn gégi níbẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ àrùn ò mọ èèwọ̀, òmíì nínú wọn, ẹrẹ̀ ìdí bàtà ló ń bá wọlé.

Ní Sátidé tó kọjá mo mú ọmọ mi lọ sóko. Òun ló kọ́kọ́ rí afòmọ́ tuntun, ò tíì tó àtàǹpàkò, orí òrombó bàbá yẹn ni. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ fún wọn.