Bí a ṣe ń fi bébà ṣe álíbọ́ọ̀mù fọ́tò kékeré

Álíbọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ ó ní ojú ewé méjìlélógún tí a lè fi fọ́tò sí. Bébà gígùn kan tí a ṣẹ́ síwá sẹ́yìn ni gbogbo inú rẹ̀: bí a bá fà á, yóò nà tọọrọ; bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò padà di ìwé. Mo fẹ́ràn irú èyí ju èyí tí a fi okùn rán lẹ́yìn lọ, nítorí pé bí fọ́tò ṣe ń pọ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì ń wú, kò ní ẹ̀yìn kan tí yóò fà ya.

Bébà A4 méjì tí ó nípọn ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Bébà ìtẹ̀wé ojoojúmọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 80 fún mítà kan níbùú lóròó, yóò máa tẹ̀ bí fọ́tò bá ti wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín gíráàmù 160 sí 200 ni ó dára jù, nítorí pé èyí tí ó bá ju 250 lọ máa ń sán lójú ibi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe lo bébà ìwé ìròyìn nínú rẹ̀ rárá, nítorí pé èròjà igi tí ó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ máa ń sọ ọ́ di pípọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì lè ba fọ́tò tí ó bá kàn án jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá páálí tí kò nípọn ju mìlímítà méjì lọ, bébà aláràbarà tí a ó fi bo páálí náà, ríbọ́ọ̀nù 60 sẹ̀ǹtímítà, gọ́ọ̀mù funfun, rúlà, pẹ́ńsù, abẹ mímú àti bíírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán pátápátá.

Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó sì gùn ní 29.7. Ẹ là á sí méjì lóòró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fẹ̀ ní 10.5. Bébà méjì yóò fún yín ní ọ̀já mẹ́rin. Mẹ́ta ni a nílò, ẹ fi ìkẹrin pamọ́, a ó lò ó níkẹyìn. Lórí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí 7, 14, 21 àti 28, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ewé mẹ́rin ni èyí jẹ́, pẹ̀lú etí 1.7 tí ó ṣẹ́ kù fún ìsopọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí tí ó ti ń bàjẹ́ ni bí a ṣe ṣẹ́ bébà náà, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe kánjú níbẹ̀. Okùn tín-ínrín tín-ínrín ni bébà, apá kan náà sì ni ọ̀pọ̀ okùn náà dojú kọ láti ilé iṣẹ́. Bí a bá ṣẹ́ ẹ bá okùn yìí lọ, yóò ṣẹ́ geerege. Bí a bá dábùú rẹ̀, yóò máa sán, ojú rẹ̀ yóò sì rí wúruwùru. Ọ̀pọ̀ bébà A4 ni okùn rẹ̀ bá òòró lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ó dábùú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi nílò bíírò tí kò ní yíǹkì mọ́. Ẹ gbé rúlà lé àmì méjèèjì, kí ẹ fi ẹnu bíírò náà fa ìlà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tẹ bébà wọlé láìgé e. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí fa ojú ìṣẹ́po náà mọ́lẹ̀. Ìlà kìíní kọjú síwá, èkejì sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìlà kẹrin.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí etí ọ̀já kìíní, kí ẹ gbé ewé àkọ́kọ́ ọ̀já kejì lé e, kí ó bá ojú ìṣẹ́po dọ́gba gẹ́lẹ́. Ẹ so ẹ̀kẹta mọ́ ọn bákan náà, kí ẹ sì gé etí tirẹ̀ dànù. Ewé méjìlá ni ẹ ní báyìí. Kí iye ewé máa jẹ́ èyí tí a lè pín sí méjì, nítorí pé nígbà náà ni èèpo iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, tí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò sì mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Fún èèpo, ẹ gé páálí méjì tí ó fẹ̀ ní 7.4, tí ó sì ga ní 10.9, kí ó lè fi mìlímítà méjì yọ yí ewé ká. Bébà aláràbarà yóò jẹ́ 11.4 sí 14.9. Ẹ lẹ páálí sí àárín rẹ̀, kí ẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìdagun, ṣùgbọ́n kí ó ku mìlímítà mẹ́ta sí igun páálí. Bí ẹ bá gé e kan páálí, páálí yóò yọjú. Ẹ ká etí gígùn wọlé kí ẹ tó ká ti kúkúrú. Ẹ lẹ àárín ríbọ́ọ̀nù mọ́ inú èèpo ẹ̀yìn, kí ẹ wá lẹ ewé ìparí bò ó, àti ewé àkọ́kọ́ mọ́ èèpo iwájú. Omi inú gọ́ọ̀mù lè mú kí páálí tẹ̀, nítorí náà ẹ fi bébà tí ẹ kò lò mọ́ sáàárín ewé, kí ẹ sì to ìwé wíwúwo lé e mọ́jú.

Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́tò fúnra rẹ̀. Nínú álíbọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo lẹ fọ́tò ìyá mi mọ́ ewé pinpin. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a rọra fi ọ̀bẹ gbé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi èjìká ló ti ya, ìyókù sì bá bébà lọ. N kò ní òmíràn irú rẹ̀. Láti ìgbà náà, igun bébà ni mo ń lò, ọ̀já kẹrin sì dé nìyí. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí ó gùn ní mẹ́ta. Láti àárín, ẹ ká apá ọ̀tún àti apá òsì wá sísàlẹ̀ kí wọ́n fara kan ara wọn. Yóò rí bí orí òrùlé. Ẹ gé ìrù tí ó bá yọ. Ẹ fi igun fọ́tò bọ àárín ìṣẹ́po, kí ojú tí ó dán wà lókè, kí ẹ sì kan gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn igun bébà náà nìkan. Mẹ́rin ni fọ́tò kan ń gbà, a sì lè yọ ọ́ nígbàkigbà láìfara pa.

Fọ́tò 5.5 sí 8.5 bá ewé yìí mu, bébà fọ́tò 10 sí 15 kan sì lè gba méjì irú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníyíǹkì tẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ èyí tí ó kọjú sí i. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti ọdún tí a yà á sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹnu bíírò máa ń tẹ̀ yọ sí ojú fọ́tò, yíǹkì rẹ̀ sì lè ràn.