Ṣé òfin Ìlú Ọba fàyè gba tíńtì lórí iná ẹ̀yìn ọkọ̀? Bí ẹ ṣe lè yẹ tiyín wò

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń gbé Ìlú Ọba ló fẹ́ràn kí ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn dúdú. Wọn á ra ọ̀rá tíńtì, tàbí ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fín, wọn á fi bo iná bíréèkì àti tráfíkétọ̀ látòkè délẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà á dára ní wíwò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ìgbà tó bá bọ́ sójú títì ni ẹ̀rù máa ń bà mí, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè má tètè rí i pé ẹni tó wà níwájú ti tẹ bíréèkì.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni tíńtì gíláàsì. Òfin sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó gbọ́dọ̀ la gíláàsì iwájú kọjá: ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fún gíláàsì ńlá, ìdá 70 fún ti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í, fún ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1 oṣù kẹrin 1985. Kò fi iye kankan lé gíláàsì ẹ̀yìn. Ẹni tó bá gbọ́ pé “ẹ̀yìn ò níṣòro” á wá rò pé iná ẹ̀yìn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí níbẹ̀ rárá. Ti iná ní òfin tirẹ̀, Road Vehicles Lighting Regulations ti 1989, tó wà fún England, Scotland àti Wales. Òfin yẹn kò fún yín ní ìdá kan pé kí ẹ má kọjá rẹ̀. Àwọ̀ tí iná gbọ́dọ̀ mú jáde ló ń sọ, ibi tó gbọ́dọ̀ wà, àti pé kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa, kó sì mọ́. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí ọ̀rá náà ṣe dúdú tó nínú páálí rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ àwọ̀ tó yẹ kí ẹ rí

Iná ẹ̀yìn tó ń tàn lálẹ́, iná bíréèkì àti iná kùrukùru, pupa ni gbogbo wọn. Iná tí a fi ń rìn sẹ́yìn, funfun ni. Tráfíkétọ̀ ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ pupa rúsúrúsú bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n fún ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 1 oṣù kẹsàn-án 1965, kó sì máa ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà nílé á ti rí tráfíkétọ̀ tó ń ṣẹ́jú pupa. Òfin Amẹ́ríkà gbà á, ti Ìlú Ọba kò gbà á. Bí ọ̀rá tíńtì bá sọ àwọ̀ ọsàn di àwọ̀ ilẹ̀ tàbí pupa, ẹ ti ṣẹ òfin, kódà bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lágbára.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án gangan

Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dán an wò, wọ́n á sì sọ pé “ó ń tàn.” Iná wo ni kì í tàn lálẹ́? Oòrùn ni adájọ́ níbi yìí. Ẹ yí ẹ̀yìn ọkọ̀ sí oòrùn, kí ẹnìkan jókòó sídìí ọkọ̀, kí ẹ̀yin rìn sẹ́yìn tó mítà 23. Mo mú iye yẹn nítorí òun ni Highway Code, ìwé ìlànà ojú títì Ìlú Ọba, kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan, láti ìgbà tí awakọ̀ ti rí ewu títí ọkọ̀ á fi dúró.

Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kọ́kọ́ tan iná alẹ́, kó wá máa tẹ bíréèkì, kó máa fi í sílẹ̀, láìsọ fún yín ìgbà tó ń ṣe é. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa sọ “ó tẹ̀ ẹ́” tàbí “ó fi í sílẹ̀.” Bí ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí tí ẹ ní láti fojú wá a, ẹ yọ tíńtì náà. Ìdí nìyí: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gílóòbù kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, wáàtì 5 fún iná alẹ́, wáàtì 21 fún bíréèkì. Ìyàtọ̀ agbára yẹn ló ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé ẹ ń dúró. Nínú oòrùn, tíńtì lè mú kí wáàtì 21 yẹn má ju iná alẹ́ lọ lójú ẹni tó ń wò. Ní 70 máìlì ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń sá tó mítà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ṣiyèméjì ti rin mítà 15, bí ọkọ̀ mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: rìfúlẹ́kítọ̀

Èyí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Lára iná ẹ̀yìn tàbí nísàlẹ̀ bọ́ńpà ni rìfúlẹ́kítọ̀ pupa wà. Kò ní gílóòbù. Iná ọkọ̀ ẹlòmíì ló ń dá padà. Ìmọ́lẹ̀ náà ní láti la ọ̀rá kọjá nígbà tó ń wọlé, kó tún là á kọjá nígbà tó ń jáde. Ọ̀rá tó ń jẹ́ kí ìdá 70 kọjá á dín in kù sí ìdá 49. Bí bátìrì bá kú sára ọkọ̀ yín lójú títì lóru, rìfúlẹ́kítọ̀ yẹn nìkan ló kù tí yóò sọ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ dúró lókèèrè nínú òkùnkùn, kí ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín, kí ẹ tàn án sí i. Ó gbọ́dọ̀ dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá àmì E

Àwọn iná kan dúdú láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Ìyẹn yàtọ̀, nítorí bó ṣe dúdú yẹn ni wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ máa rí lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i nínú àyíká kékeré lára rẹ̀: E1 fún Jámánì, E4 fún Netherlands, E11 fún Ìlú Ọba. Bí ẹ bá wá lẹ ọ̀rá tiyín mọ́ ọn lórí, àmì náà kò gbè yín mọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ ọ́ sára ọjà pé kò wà fún ojú títì, ẹ gbà á gbọ́.

Ní ti MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, ọkọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun tí kò tíì dé ibẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò lè já a bí tíńtì bá dín agbára iná kù gan-an tàbí tó yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ tó wà nípò eléwu lè san owó ìtanràn tó £2,500, kí wọ́n sì kọ àmì ìjìyà mẹ́ta sára láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bí àwọn ìnṣọ́ránsì bá bi yín bóyá ẹ ti yí nǹkan padà lára ọkọ̀, ẹ sọ òtítọ́.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́

Ọ̀rá rọrùn. Ẹ fi dráyà irun mú un gbóná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi èékánná gbé igun kan, kí ẹ máa fà á jẹ́jẹ́. Ẹ má lo bíléèdì, yóò fá ojú iná. Omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ á kó gọ́ọ̀mù tó kù. Omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, pàápàá èyí tó ní acetone, kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí yóò mú kí ike iná náà sán wẹ́wẹ́.

Ọ̀dà ló nira. Sáńpépà onígíréètì 800, kí ẹ tẹ̀ síwájú sí 1500 àti 2000, pẹ̀lú omi púpọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìpara tí wọ́n fi ń mú ara ọkọ̀ dán pa á títí yóò fi tún mọ́ gaara. Bí ọ̀dà bá ti jìn wọlé, ẹ ra odindi iná mìíràn. Má fi gílóòbù tó lágbára jù sí i láti borí tíńtì. Ooru rẹ̀ lè yọ́ ìdí gílóòbù náà.

Tí ẹ bá parí, ẹ padà sínú oòrùn, kí ẹ tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé MOT ló já a, ẹ gbé e padà síbẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀lé e tó parí. Iná wà lára ohun tí wọ́n máa ń tún yẹ̀ wò láìgba owó bí ẹ bá tètè dé.