Bí A Ṣe Ń Wá Owó Onírin Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́ Tí Pàǹtí Kún Ilẹ̀ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbé ẹ̀rọ aṣàwárí irin kiri àwọn ọgbà ìgbafẹ́ àtijọ́ ní Amẹ́ríkà ni ó máa ń yẹra fún ibi tí òrùka agolo (èyí tí a ń fà láti ṣí agolo ohun mímu), ìdérí ìgò àti ìṣó tí ó ti dípẹtà bá pọ̀ sí, nítorí pé ariwo ẹ̀rọ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí etí sinmi. Ìdí gan-an nìyẹn tí owó fàdákà fi ṣẹ́ kù síbẹ̀: pàǹtí ni ó ń ṣọ́ ọ.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ọgbà náà, nítorí pé òfin yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní New York, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ má tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọ National Park, ìyẹn ọgbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń dáàbò bò, torí èèwọ̀ ni.

Awo tí ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Awo tí ó fẹ̀ tó 11 íǹṣì dára fún pápá tí ó mọ́, ṣùgbọ́n láàárín pàǹtí, yóò gbọ́ irin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì pa ohùn wọn pọ̀ di ariwo kan ṣoṣo. Èyí tí kò ju 5 tàbí 6 íǹṣì lọ ni ó lè yọ owó kúrò láàárín ìdérí ìgò méjì. Ẹ dín agbára ẹ̀rọ kù, kí ẹ sì máa gbé awo lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó ru omi tí ó kún igbá dé ẹnu.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn ṣètò ẹ̀rọ kí ó má ṣe dún fún ohunkóhun àfi fàdákà. Bí ìṣó bá sùn ti owó, ẹ̀rọ tí a ní kó má ka ìṣó sí yóò dákẹ́ lórí méjèèjì. Bákan náà, níkẹ́lì, owó sẹ́ǹtì márùn-ún tí ó wúwo tó gíráàmù 5, máa ń dún bí òrùka agolo, òrùka wúrà pàápàá sì lè dún bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ hú òrùka agolo kò ní rí òrùka ìgbéyàwó.

Nílé, ẹ tẹ́ dáìmù (sẹ́ǹtì mẹ́wàá), kúọ́tà (sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n), níkẹ́lì, pẹ́nì (sẹ́ǹtì kan) àti òrùka agolo sílẹ̀, kí ẹ gbé awo kọjá lórí wọn títí etí yín yóò fi mọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kan ń kọ sójú rẹ̀ fún irin kan kì í ṣe ti ẹ̀rọ mìíràn. Dáìmù àti kúọ́tà tí ọdún ara wọn jẹ́ 1964 tàbí ṣáájú ni à ń wá jù, nítorí pé fàdákà ni ìdá 90 nínú 100 ohun tí a fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Bí ohùn kan bá dùn, ẹ yí ẹsẹ̀ padà kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó. Bí ohùn náà kò bá yí padà, ẹ hú u. Ìdérí ìgò lẹ́tàn púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fa awo sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sábà máa ń fọ́ di ti irin lásán, bíi ti ìṣó.

Ẹ gé koríko ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ fi ìkẹrin sílẹ̀, kí ó lè ṣí bí ọmọrí àpótí. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sórí aṣọ, kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má gé koríko rárá, torí yóò kú. Ẹ fi súkúrúdíráfà ta owó tí kò jìn jáde. Ẹ kó pàǹtí tí ẹ bá hú sínú àpò, nítorí pé èyí tí ẹ bá dá padà sílẹ̀ ni ẹ ó tún hú lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí fàdákà bá sì yọ, ẹ má fi àtàǹpàkò nu ún, iyanrìn á ha á. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án nígbà tí ẹ bá délé.