Nǹkan ń ro yín lábẹ́, ìtọ̀ ń ta yín: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ próstéètì tó wú

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó máa ń dùn mí gan-an tí ọkùnrin ọmọ ọdún 32 tàbí 35, tí nǹkan ń ro lábẹ́, bá gbọ́ ọ̀rọ̀ próstéètì lẹ́nu ẹnì kan, tí ọkàn ẹ̀ á sáré lọ sórí kánsà, tí á wá gba kẹ́mísì àdúgbò lọ, á ní kí wọ́n fún òun ní kápúsù pupa àti yẹ́lò, á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, tó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ á pa á tì, kò ní pẹ́ tó fi máa tún dé. Próstéètì tó wú kì í ṣe kánsà. Kì í sì ṣe próstéètì tó ń tóbi tó máa ń yọ àwọn bàbá wa lẹ́nu lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, àwọn tí ò tíì pé 50 gan-an ló sì máa ń ṣe jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó wà. Próstéètì jẹ́ kókó kan tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, níwájú ọ̀nà ìgbẹ́, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín ẹ̀ kọjá. Tí ara ẹ̀ bá yá, kò ju àwùsá kan lọ. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pèsè lára omi tí àtọ̀ máa ń bá jáde. Torí pé ọ̀nà ìtọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, tó bá ti wú, á fún ọ̀nà yẹn pa, ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi máa ń kán tó, tó, tó, tàbí kó máa ta èèyàn bí ata. Torí pé ó tún sún mọ́ ọ̀nà ìgbẹ́, jíjókòó á máa ni èèyàn lára, ìgbẹ́ yíyà náà á máa dùn ún. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣì í mú fún jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn, ẹni náà á máa ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lóròòwúrọ̀ fún oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ojú ìdí ò ṣe nǹkan kan, iwájú ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Báwo lẹ ṣe máa fura? Ibi tó sábà máa ń dùn ni àárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí, ó lè gba inú ẹpọ̀n, ó lè dé orí okó, abẹ́ ìdodo, tàbí ìbàdí lẹ́yìn. Ẹ á máa lọ tọ̀ ṣáá, lóru náà ẹ á dìde, tẹ́ ẹ bá sì tọ̀ tán á ṣe yín bíi pé ó ṣì kù. Èyí témi máa ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé ṣé ó máa ń dùn yín tí àtọ̀ bá ń jáde, torí àìsàn àpò ìtọ̀ lásán kì í sábà ṣe ìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ní National Institutes of Health ti Amẹ́ríkà ló pín próstéètì tó wú sí ọ̀nà mẹ́rin, ìpín yìí ló jáde ní 1999 tí àwọn dókítà ṣì ń lò títí di òní. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ há a sórí, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò gba ìtọ́jú kan náà, oògùn tó wo ọ̀rẹ́ yín sàn lè má kan tiyín rárá. Ìbéèrè tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá rèé: ṣé ara yín gbóná?

Tí ibà bá wà níbẹ̀

Irú àkọ́kọ́ nìyí, kò sì ṣeé fi falẹ̀. Kòkòrò ló wọnú próstéètì lójijì, E. coli tó máa ń gbé inú ìfun wa ló sì sábà máa ń jẹ́. Ara á gbóná janjan, òtútù á máa mú yín tẹ́ ẹ fi máa gbọ̀n, abẹ́ á máa ro, ìtọ̀ á máa ta. Wàhálà tiwa ní Nàìjíríà ni pé tí ara bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, èèyàn á lo oògùn ibà, á dúró ọjọ́ méjì mẹ́ta kó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kòkòrò yẹn ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. Tí ara bá gbóná TÍ ìtọ̀ sì ń ta yín tàbí tí kò jáde dáadáa, ọsibítù ni lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tí ìtọ̀ bá wá kọ̀ tí kò jáde rárá, kódà kó jẹ́ aago méjì òru, ẹ jí ẹni tó máa wà yín lọ. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni kó tún tètè ṣe jù, torí ara wọn kì í lè bá kòkòrò jà tó bó ṣe yẹ, ọyún lè gbá jọ sínú próstéètì.

Lọ́hùn-ún, wọ́n á gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n lè fa omi sí yín lára kí wọ́n fi gún yín lóògùn, tí ìtọ̀ bá dí wọ́n á fi rọ́bà fà á jáde. Dókítà lè ti ìka kan bọ ojú ìdí láti fọwọ́ kan próstéètì díẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá. Ṣùgbọ́n ní àsìkò tí ibà ṣì wà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa á tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí ìyẹn lè ti kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀. Ibà sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń da nǹkan rú, wọ́n á dá oògùn dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ẹ lò ó tán.

Tó bá jẹ́ ciprofloxacin ni wọ́n fún yín, ẹ má fi mílíìkì tàbí yọ́gọ́ọ̀tì gbé e mì, ẹ má sì lò ó pọ̀ mọ́ oògùn inú rírun (antacid) tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, kì í jẹ́ kí ara gbà á. Tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá ṣàdédé ń dùn yín, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ pe dókítà, oògùn yẹn lè já iṣan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gba ìtọ̀ fún lábù

Mo fẹ́ dúró síbí yìí dáadáa, torí ibi tó ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí. Ẹ ní kí wọ́n ṣe kọ́ṣọ̀ (culture), ìyẹn ni kí wọ́n gbin ìtọ̀ yẹn kí wọ́n wo kòkòrò tó bá hù, kí wọ́n sì dán oògùn wò lórí ẹ̀. KÍ Ẹ TÓ LO ANTIBÁYÓTÍÌKÌ KANKAN ni kẹ́ ẹ gbà á, torí tẹ́ ẹ bá ti lo kápúsù méjì péré láàárọ̀, kòkòrò lè má hù mọ́, èsì á ní kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ nǹkan wà. (Ẹni tí ara ẹ̀ gbóná kó má wá fi ti tẹ́ẹ̀sì jókòó sílé o, wọ́n á gbà á ní ọsibítù kí wọ́n tó gún un.)

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi fọ orí okó, ẹni tí wọn ò dá abẹ́ fún kó fa awọ sẹ́yìn kó tó fọ̀ ọ́. Ẹ ṣí ike tí lábù fún yín, ẹ má fọwọ́ kan inú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan inú ọmọrí, ẹ má dojú ọmọrí dé ilẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sínú ṣáláńgá, kí ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn dà nù, lẹ́yìn náà ẹ ti ike sí i lójú ìtọ̀ láìdá a dúró, ẹ gba ti àárín, kẹ́ ẹ tọ ìyókù dànù. Ẹ dé e, ẹ gbé e dé lábù láàárín wákàtí méjì, tí kò bá ṣeé ṣe ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń dì o. Èsì sábà máa ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá gba ti ìbẹ̀rẹ̀, kòkòrò tó wà lára awọ lásán ló máa bọ́ sínú ẹ̀, èyí sì wà lára ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń mú bébà dání kiri pé àwọn ní stáàfù, stáàfù, tí wọ́n sì ń gún abẹ́rẹ́ olówó gọbọi fún ohun tí kò ṣe wọ́n. Kí dókítà wo èsì yẹn pẹ̀lú ohun tó ń ṣe yín, ẹ má fi bébà nìkan ra oògùn.

Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èyí tí kòkòrò kan náà máa ń padà wá ṣáá, kò sí ibà, àmọ́ lẹ́yìn oṣù bíi méjì ìtọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ọ̀pọ̀ antibáyótíìkì ni kì í lè wọ inú próstéètì dáadáa, kòkòrò ti rí ibi sá pa mọ́ sí, ìdí nìyẹn tí Ampiclox ọjọ́ mẹ́ta fi máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́ tí kò sì ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ìtọ́jú èyí sábà máa ń gbà, pẹ̀lú oògùn tí kọ́ṣọ̀ fi hàn pé ó lè pa á. Tí ibà ò bá sí, dókítà lè gba ìtọ̀ yín, kó fọwọ́ tẹ próstéètì láti ojú ìdí, kó tún gba ìtọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kó wá fi méjèèjì wé ara wọn. Próstéètì wíwú fúnra ẹ̀ kì í ràn, àmọ́ tó bá jẹ́ àtọ̀sí tàbí chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, ló fà á, ó di dandan kí ìyàwó náà gba ìtọ́jú, ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ jọ lọ.

Èyí tó pọ̀ jù, tí kò sí kòkòrò níbẹ̀

Ẹ fetí sílẹ̀ síbí. Nínú èèyàn mẹ́wàá tí próstéètì ń dùn, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ irú kẹta yìí: ìrora ti lé ní oṣù mẹ́ta, gbogbo tẹ́ẹ̀sì ní kò sí kòkòrò, oògùn ti sú èèyàn, ìyàwó ti sú, owó ti lọ. Àwọn kan á máa sọ fún wọn pé inú orí wọn ló wà. Irọ́ ni, ìrora yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn iṣan tó gbé abẹ́ dúró ló fún pọ̀ tí wọn ò tú, tàbí iṣan ara tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ló ti le jù, ìrònú àti àìsùn sì ń bù sí i. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gba antibáyótíìkì lọ lẹ́yìn lẹ́yìn ò bọ́gbọ́n mu.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé: ẹ rọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báfù, kì í ṣe èyí tó ń hó, kẹ́ ẹ jókòó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá jẹ́ awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà ni yín, tàbí ìdí kọ̀ǹpútà lẹ wà látàárọ̀, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ẹ fi tìmùtìmù sídìí. Ẹ dín bíà, ògógóró, kọfí àti ata kù fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ wo ìyàtọ̀, àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró náà wà níbẹ̀ o, ọtí yẹn ń ta àpò ìtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ le.

Lẹ́yìn náà ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ká orúnkún sókè, ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fa èémí láti imú títí ikùn fi máa gbé ọwọ́ yẹn sókè, bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ẹ jẹ́ kí ojú ìdí àti abẹ́ tú sílẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀, kẹ́ ẹ wá mí síta díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Wọ́n á ti sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa fún abẹ́ pọ̀, pé ìyẹn ló dáa fún ọkùnrin. Tó bá jẹ́ pé iṣan tó ti le jù ló ń dùn yín, ìyẹn lè dá kún un. Àwọn fisiotẹ́rápì tó mọ̀ nípa abẹ́ wà, ẹ béèrè wọn ní àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH Ìbàdàn tàbí LUTH.

Dókítà lè fi tamsulosin kún un kí ọ̀nà ìtọ̀ lè tú, ẹ lò ó lálẹ́ torí òòyì lè kọ́ yín lójú tẹ́ ẹ bá dìde lójijì. Ibuprofen náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kó béèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ má sùn ti ìyàwó yín. Kì í sàn lọ́jọ́ kan, oṣù mélòó kan ló máa ń gbà.

Irú kẹrin kì í dun èèyàn rárá, ibi tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì àtọ̀ fún ẹni tó ń wá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń bá a pàdé, ó sì lè má nílò ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ PSA ló kù, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ próstéètì wò. Próstéètì tó wú máa ń gbé PSA sókè gan-an, nítorí náà ẹni tó bá lọ ṣe é nígbà tí abẹ́ ń ro á rí nọ́ńbà tó máa dẹ́rù bà á lásán. Ẹ gba ìtọ́jú tán, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é o, torí kánsà próstéètì máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn tó kù lọ, kì í sì í dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀, láti bí ọmọ ogójì ọdún sí 45 ni kẹ́ ẹ ti bá dókítà sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń lọ rí i, ẹ kọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sínú fóònù yín, ìgbà mélòó lẹ ń dìde tọ̀ lóru, àti orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tẹ́ ẹ ti lò, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti dárúkọ.