Gọ́ọ̀mù Kọ́ Ló Ń Gbé Ère Dúró o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣa páńtí jọ láti fi ṣe ère tí ò jọ èèyàn tí ò jọ ẹranko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bíi tèmi. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbẹ́ fóòmù funfun yẹn, èyí tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, mo fi sánpépà ha á títí ó fi ń dán, mo wá po resin táwọn tó ń ṣe fáíbà ń lò, mo kùn ún lé e. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, ó yọ́ bíi ṣúgà tó bọ́ sómi, ihò ló kù sí mi lọ́wọ́. Polyester resin ló ń jẹ fóòmù, epoxy tó jẹ́ oríṣi resin míì kì í jẹ ẹ́, àmọ́ èyí tówó ẹ̀ wálẹ̀ làwa máa ń gbé. Gọ́ọ̀mù ṣúmékà náà ń jẹ ẹ́.

Epoxy ọ̀hún náà, ẹ má bu àpọ̀jù hardener, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kó gan, kún un torí pé ẹ fẹ́ kó tètè gan, ńṣe láá máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni kẹ́ ẹ wọ̀n.

Igi tútù ńkọ́? Igi ń mumi, ó ń wú, ó tún ń súnkì, símẹ́ńtì ò mọ ìyẹn, tẹ́ ẹ bá rẹ́ ẹ mọ́gi gbagbaagba ọ̀kan á là dandan. Ẹ jẹ́ kígi gbẹ, kẹ́ ẹ fi bóòtù dè é, kí ihò ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju bóòtù lọ. Irin inú símẹ́ńtì tó bá sì sún mọ́ ojú ẹ̀ jù, omi á bá a, á dógùn-ún, ìpẹtà ń gba àyè ju irin lọ, á wá ti símẹ́ńtì já.

Ẹlòmíì á ní ṣebí wáyà kọ́pà ni El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà nì, fi ń so ìdérí ìgò ọtí tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ Gánà tó pẹ́ ní Nsukka yẹn, tí wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ní Venice lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: síso ló so wọ́n, kò lẹ̀ wọ́n, ìyẹn ni wọ́n fi ń ká bí aṣọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ inú ilé ló sì wà. Tẹ́ ẹ bá gbé kọ́pà àti alumíníọ̀mù tó fara kanra sínú òjò, alumíníọ̀mù ló máa jìyà ẹ̀.

Irin tí wọ́n fi síńkì bò, ẹ fi gíráńdà ha síńkì ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ dẹ̀ bo imú, kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án. Èéfín ẹ̀ ń dá ibà síni lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ara á máa gbọ̀n, ẹ ó sì máa bú ẹ̀fọn tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.