Bí a ṣe tún ètò oògùn jẹjẹrẹ Màámi ṣe nílé wa ní Ṣàgámù
Capecitabine, oníhóró, ni wọ́n kọ fún Màámi. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fi ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n tó sinmi fún ọjọ́ 7. Ìsinmi yẹn gan-an ló ń da ilé rú: ẹnì kan á ní ó ti tó àkókò, ẹlòmíì á ní ó ṣì kù. Kàlẹ́ńdà ńlá tí a gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ló parí ẹ̀. Ẹni tó bá fún wọn lóògùn á fi bírò pupa sàmì sí i lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le jù ni gbígbé e mì. Màámi fẹ́ ká gún un sínú ẹ̀kọ. Apòògùn ní ká má dán an wò, eruku rẹ̀ léwu fún ẹni tó ń gún un. "Màámi, ẹ jẹ́ ká máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan," ni mo bẹ̀ wọ́n. Ní báyìí, bí wọ́n bá jẹ ìkọ́kọrẹ́ wọn tán lálẹ́, kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, wọ́n á fi omi gbé e mì, hóró kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú sùúrù. Ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń kó o fún wọn. Ìyàwó àbúrò mi tó lóyún kì í fọwọ́ kàn án rárá, bó ti wù kí ọwọ́ mi dí tó.

Bí wọ́n bá gbàgbé ti àárọ̀, a kì í fún wọn ní ìlọ́po méjì lálẹ́. Bí ara wọn bá gbóná dé 38°C, ọsibítù ni tààrà, kódà bó jẹ́ lóru. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní folic acid náà, a kì í rà á láìbéèrè, torí ó lè mú kí capecitabine le jù lára wọn.